Kí Ni Ó Kù Sílé Lẹ́yìn Tí Àlejò Lọ?

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ìtàn ìlera ní ilẹ̀ Yorùbá, kí ó kọ́kọ́ ka orúkọ àwọn àgbàlagbà wa. Málọmọ́, Dúrósinmí, Kòsọ́kọ́, Kòkúmọ́: ẹ̀bẹ̀ ni orúkọ wọ̀nyí. Ìyá tí ó ti sin ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ló ń bẹ èyí tí ó kù kí ó dúró. Àwọn baba wa pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àbíkú. Lónìí, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n nínú ìwé orúkọ kíláàsì. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, nígbà tí àwọn ìyá ìlú kékeré kan, àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọ, àti àwọn onímọ̀ láti London àti Boston pàdé ara wọn.

Ní ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àfojúsùn 17 tí wọ́n fẹ́ kí ayé dé kí ọdún 2030 tó parí. Ìkẹta jẹ́ ti ìlera, ìkẹfà jẹ́ ti omi mímọ́, ìkẹtàdínlógún sì ni àjọṣepọ̀. Kò ṣe àjèjì sí Yorùbá. Àwọn àgbà ti wí pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àti pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ṣùgbọ́n gbogbo wa náà la ti rí àjọṣe tí kò pẹ́. Àlejò á dé, wọn á ya fọ́tò, wọn á gé tẹ́ẹ́pù. Nígbà tí yóò fi di ọdún mẹ́ta, koríko ti bo ẹnu ọ̀nà. Nítorí náà, ìbéèrè tí àròkọ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: nínú àjọṣe tí yunifásítì àgbáyé ti bá agbègbè wa ṣe, kí ni ó kù sílé lẹ́yìn tí àlejò lọ?

Àjọṣe yunifásítì kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí wọ́n dá yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ní ọdún 1948, abẹ́ ìyẹ́ Yunifásítì London ni ó wà. London ló ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí, títí di ọdún 1962 tí Ìbàdàn dá dúró. Ní nǹkan bí ọdún 1964, Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ran Yunifásítì Ifẹ̀ lọ́wọ́ láti kọ́ ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí wúlò, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ ni. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé yàtọ̀, nítorí àárín ìlú ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìmẹ̀sí-Ilé kò ṣàì ní ìtàn tẹ́lẹ̀. Agbègbè rẹ̀ ni ogun Kírìjì ti jà, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní ọdún 1886. Ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún lẹ́yìn èyí, ogun mìíràn ń jà níbẹ̀, ogun tí àwọn ọmọ ọwọ́ ń kú sí. Ní ọdún 1956, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ David Morley dé sí Wesley Guild Hospital ní Iléṣà, ilé ìwòsàn tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀. Ohun tí ó rí níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tí ó wà ní ilé ìwòsàn mìíràn nígbà náà: ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n ń gbé dé nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́. Èéyi, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìta, ìgbẹ́ gbuuru, ikọ́, ibà àti àìrí oúnjẹ tí ó dára jẹ ni wọ́n ń bá jà. Àwọn àrùn wọ̀nyí ṣeé dènà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sí ilé ìwòsàn kò lè dènà wọn. Àfi kí ó lọ bá ọmọ náà nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le.

Ìdí nìyí tí ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún fi bẹ̀rẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Kì í ṣe dókítà ló ń jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́. Nọ́ọ̀sì àti àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ló ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n tẹ̀lé àwọn ọmọ ìlú láti ìgbà tí wọ́n bí wọn, wọ́n ń wọ̀n wọ́n lóṣooṣù, wọ́n sì ń kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Inú iṣẹ́ yìí ni káàdì kan ti jáde tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Road to Health, ọ̀nà ìlera.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí káàdì náà ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí inú rẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Oṣù tí wọ́n bí ọmọ ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ sí i, lẹ́yìn náà ni oṣù yòókù títí ọmọ yóò fi pé ọdún márùn-ún. Ìlà méjì tí ó tẹ̀ gòkè wà lórí rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wọn ọmọ, nọ́ọ̀sì á fi àmì kan sí ibi tí ìwọ̀n rẹ̀ bọ́ sí, á sì fi ìlà so ó mọ́ ti oṣù tí ó kọjá. Bí ìlà ọmọ bá ń gòkè, ara ọmọ le. Bí ó bá dúró sójú kan, nǹkan ti ń bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ náà ṣì ń rẹ́rìn-ín. Bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀, kí ìyá má ṣe lọ sílé láìgbọ́ ohun tí yóò ṣe. Ìyá tí kò mọ̀wé lè rí i bóyá ìlà ń gòkè tàbí ó ń sọ̀kalẹ̀.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni ibi tí wọ́n ń tọ́jú káàdì náà sí. Wọn kò tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Inú ọ̀rá ni wọ́n fi í sí, kí òjò má ba à jẹ́, wọ́n sì gbé e fún ìyá kí ó máa mú un lọ sílé. Àwọn oníṣègùn kan lérò pé àwọn ìyá yóò sọ ọ́ nù. Àwọn ìyá kò sọ ọ́ nù. Ìyá tí ó lọ kí ẹbí ní ìlú mìíràn lè mú káàdì lọ́wọ́, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ á sì mọ gbogbo ìtàn ọmọ náà lójú kan.

Àjọṣe náà gbòòrò. Ní ọdún 1960, Samuel Katz, dókítà kan láti yàrá àyẹ̀wò John Enders ní Boston, wá sí agbègbè Iléṣà láti bá Morley ṣiṣẹ́ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi tí àwọn Enders ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Nígbà náà, Amẹ́ríkà kò tíì fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ yìí fún gbogbo ènìyàn. Ọdún 1963 ni wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà wà lára àwọn tí ayé ti ara wọn mọ̀ pé ó lè dáàbò bo ọmọ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Bí a bá ń ka ìtàn abẹ́rẹ́ èéyi, kí a má ṣe kà á bí ẹni pé ẹ̀bùn tí ó ti òkè òkun wá ni. Ọmọ tiwa náà fi apá sílẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọdún 1966 àti 1967, wọ́n fi Ìmẹ̀sí-Ilé wé Òkè-Mẹ̀sí tí kò jìnnà sí i, tí kò ní irú ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Iye àwọn ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin tí ikú ń pa ní Ìmẹ̀sí kò tó ìdajì ti Òkè-Mẹ̀sí. Morley ti padà sí London ní ọdún 1961, níbi tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní ẹ̀ka ìlera ọmọdé ti Yunifásítì London, tí ó ń kọ́ àwọn oníṣègùn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní ohun tí òun rí kọ́ ní Ìmẹ̀sí. Ó dá ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ TALC sílẹ̀ tí ń fi ohun èlò ìkọ́ni ránṣẹ́ ní owó pọ́ọ́kú. Nígbà tí UNICEF bẹ̀rẹ̀ ìpolongo ńlá rẹ̀ lórí ìlera ọmọdé ní ọdún 1982, wíwọn ọmọ lóṣooṣù àti abẹ́rẹ́ àjẹsára wà lára ohun tí wọ́n gbé síwájú. Wesley Guild fúnra rẹ̀ wá di ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn tí Yunifásítì Ifẹ̀ fi ń kọ́ àwọn dókítà.

Òṣogbo náà ní ìtàn tirẹ̀, èyí tí ó jẹ mọ́ iṣẹ́ ọnà. Ulli Beier, ọmọ Jámánì, dé Ìbàdàn ní ọdún 1950. Ẹ̀ka yunifásítì tí ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìta ọgbà ló bá ṣiṣẹ́, iṣẹ́ náà ló sì mú un dé Ẹdẹ, Ìlobùú àti Òṣogbo. Ní ọdún 1962, òun àti Dúró Ládipọ̀ ṣí Mbárí Mbáyọ̀. Denis Williams láti Guyana wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Georgina Beier. Inú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ni a ti rí Twins Seven-Seven, Jimoh Buraimoh àti Múráínà Oyèlámì. Ní ọdún 1964, Ládipọ̀ gbé eré Ọba Kò So lọ sí Berlin. Ní etí odò, Susanne Wenger, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, pẹ̀lú àwọn agbẹ́gilére, mọlémọlé àti àwọn olórìṣà ìlú ń tún Igbó Òṣun ṣe. UNESCO fi igbó náà sínú ìwé ohun ìní àgbáyé ní ọdún 2005.

Ní ọdún 1981, Yunifásítì Bayreuth ní Jámánì ṣí ilé kan fún iṣẹ́ ọnà Áfíríkà, Beier sì ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Orúkọ Yorùbá ni wọ́n fún un: Iwalewahaus, ilé ìwàlẹwà. Àwọn ayàwòrán Òṣogbo lọ síbẹ̀ ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ohun ìyangàn ni. Àmọ́ ọmọ Òṣogbo tí ó bá fẹ́ rí àwọn iṣẹ́ náà ní láti gba físà. Ìdí nìyí tí ó fi dára pé ilé-iṣẹ́ àṣà adúláwọ̀ tí UNESCO fọwọ́ sí, CBCIU, wà ní Òṣogbo, tí àkójọ ìwé àti fọ́tò Beier sì wà níbẹ̀.

Bí a bá gbé ìtàn méjèèjì lé orí ìwọ̀n, a ó rí ìdáhùn ìbéèrè wa. Ohun tí ó kù sílé ni ohun tí wọ́n gbé lé ará ìlú lọ́wọ́. Ní Ìmẹ̀sí, káàdì wà lọ́wọ́ ìyá. Ní Òṣogbo, ọwọ́ ọ̀dọ́ mọ ọ̀dà àti bùrọ́ọ̀ṣì, ó sì ti kọ́ ẹlòmíràn. Ohun tí ó tètè lọ ni ohun tí ó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n. A tún rí àléébù kan: orúkọ Morley àti Beier wà nínú ìwé káàkiri ayé, ṣùgbọ́n ta ni ó lè dárúkọ àwọn ọ̀dọ́bìnrin Ìmẹ̀sí tí wọ́n ń wọn ọmọ lóṣooṣù? Láìsí wọn, kò sí káàdì tí London yóò rí kọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kọ́ yìí kò pẹ́ jù fún wa, nítorí iṣẹ́ tuntun ti dé. Odò Òṣun máa ń ti ilẹ̀ Èkìtì wá, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kí ó tó dé igbó tí ayé ń bọlá fún ní Òṣogbo. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, iṣẹ́ wíwa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti sọ omi náà di pupa bí ẹrẹ̀. Ìwé ẹ̀rí UNESCO kò lè sẹ́ omi. Síbẹ̀, yunifásítì kò jìnnà sí odò yìí: Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà ní Òṣogbo, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní Ifẹ̀, Yunifásítì Iléṣà náà sì ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè pe àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní òkè òkun kí wọ́n wá bá wọn yẹ omi wò, kí wọ́n sì wá ọ̀nà tí awakùsà yóò fi jẹun láìba odò jẹ́.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe gbàgbé Ìmẹ̀sí. Kí odò náà ní káàdì tirẹ̀. Kí ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà létí odò, láti Ìjẹ̀ṣà dé Òṣogbo, máa bu omi lóṣooṣù, kí akẹ́kọ̀ọ́ wo bí ó ti mọ́ tó, kí wọ́n fi àmì sí i, kí wọ́n sì fa ìlà. Kí yunifásítì yẹ májèlé tí ojú kò lè rí wò nínú omi kan náà, kí wọ́n sì fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ padà sí ilé ẹ̀kọ́ tí ó bu ú, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí òbí yóò ti rí i. Nígbà náà, bí àlejò bá tilẹ̀ lọ, àwa tí a kù sílé yóò mọ̀ bóyá ìlà odò wa ń gòkè tàbí ó ń sọ̀kalẹ̀.