Ọ̀rọ̀ Etí Fíìmù: Yíyan Síkánà fún Négátíìfù Ńlá àti Ìtàn Àkọtọ́ ní Agbègbè Tchaourou

1. Ìfáárà

Ìbéèrè tí bébà yìí dá lé lórí jọ ti oníṣẹ́ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè ìtàn ni: irú síkánà wo ló yẹ ká fi ṣe ẹ̀dà négátíìfù àtijọ́ tó tóbi? Mo bá a pàdé lẹ́nu iṣẹ́ pápá ní agbègbè Tchaourou, níbi tí mo ti ń gba orúkọ ìdílé sílẹ̀. Ẹbí kan gbé agolo bísíkíìtì kan jáde fún mi, négátíìfù ló kún inú rẹ̀. Àwọn kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 9 sí 12, àwọn mìíràn 13 sí 18. Ní etí wọn, ayàwòrán ti fi yíǹkì kọ nọ́ńbà àti orúkọ. Nígbà mìíràn ó kọ ọdún mọ́ ọn. Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé síkánà tí a bá yàn ló ń pinnu bóyá ọ̀rọ̀ etí fíìmù yìí yóò wọ inú àkójọ wa tàbí yóò sọnù.

2. Ìdí tí négátíìfù fi tóbi

Kí ẹ̀rọ tí ń sọ fọ́tò di ńlá tó wọ́pọ̀, ńṣe ni ayàwòrán ń gbé négátíìfù lé bébà tààrà, tí yóò sì tan iná sí i. Bí négátíìfù bá ṣe tóbi tó ni fọ́tò yóò ṣe tóbi tó. Báyìí ni Seydou Keïta, tó ṣí ilé fọ́tò rẹ̀ ní Bamako ní 1948, ṣe ń fi négátíìfù 13 sí 18 ṣiṣẹ́. Ní Dahomey pẹ̀lú, nígbà tí Frédéric Gadmer bá Fádà Francis Aupiais wá ní 1930 láti ya àwòrán fún àkójọ Albert Kahn, àwo gíláàsì 9 sí 12 ni ó fi ya àwọn fọ́tò aláwọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni fíìmù kékeré tí a ń ká jọ gba ọjà. Nítorí náà, síkánà tí kò bá gba négátíìfù ńlá, apá tó pẹ́ jù nínú ìtàn wa ló sábà máa ń fi sílẹ̀.

3. Ohun tí etí fíìmù ń sọ

Ní 1875, ìjọ CMS ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ní Benin, ọdún 1975 ni ìjọba gbé álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè jáde. Láàárín àkókò méjèèjì, ẹni tó lọ sí ilé-ìwé Faransé ń kọ orúkọ Yorùbá bí etí Faransé ṣe gbọ́ ọ: Àjíbádé di Adjibadé, Olú di Olou. Orúkọ Tchaourou fúnra rẹ̀ gbé irú àkọtọ́ yìí lórí. Ìwé ìjọba lè fi bí akọ̀wé ṣe kọ orúkọ hàn wá. Etí fíìmù ń fi bí oníṣẹ́ ọwọ́ ládùúgbò ṣe kọ ọ́ hàn, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọdún àti ojú ẹni tó ni orúkọ náà.

Bí àwòrán bá yapa kúrò lára ọ̀rọ̀ rẹ̀, orúkọ ló kọ́kọ́ ń sọnù. Keïta a máa lu òǹtẹ̀ sẹ́yìn fọ́tò rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní New York ní 1991, wọ́n kọ ọ́ pé a kò mọ ayàwòrán náà. Ní ti ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sọnù, ẹ wo Tijani Sitou, ọmọ Ṣakí tí kò jìnnà sí wa lódìkejì ẹnubodè, tó ṣí ilé fọ́tò ní Mopti ní 1971. Négátíìfù rẹ̀ wà lára nǹkan bí 100,000 tí àkójọ fọ́tò àwọn ayàwòrán Mali ti ń tọ́jú láti 2011.

4. Yíyan ẹ̀rọ

Síkánà ọ́fíìsì lásán kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Iná rẹ̀ ń ti ìsàlẹ̀ wá, ó ń kọlu bébà, ó sì ń padà sínú ẹ̀rọ. Négátíìfù ń fẹ́ iná tí yóò ti inú ìdérí wá gba àárín rẹ̀ kọjá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi ti ọ́fíìsì gbìyànjú, dúdú biribiri ni mo rí.

Nítorí náà, ẹ má wo bí gíláàsì ṣe fẹ̀ tó. Ẹ wo bí iná ìdérí ṣe fẹ̀ tó. Gíláàsì Epson V600 gba bébà A4, ṣùgbọ́n iná ìdérí rẹ̀ kò ju nǹkan bí íǹṣì 2.7 sí 9.5 lọ, kò sì lè ka négátíìfù 9 sí 12 tán lẹ́ẹ̀kan. Epson V700 tó jáde ní 2006, àti V850 tó tẹ̀ lé e ní 2014, ní iná tó fẹ̀ tó íǹṣì 8 sí 10. Négátíìfù 13 sí 18 wọ ibẹ̀, àyè sì ṣẹ́kù yí etí rẹ̀ ká.

Férémù oníke tó ń bá ẹ̀rọ wá ni ìṣòro kejì. Etí ni férémù fi ń di fíìmù mú, etí náà ló sì ń bò. Ohun tí mo ṣe ni pé mo tẹ́ négátíìfù sórí gíláàsì tí mo ti nù dáadáa, ojú tí kò dán nísàlẹ̀, kí àmì òrùka má baà yọ lórí àwòrán. Lẹ́yìn náà mo fi kọ̀ǹpútà yí i padà. Ẹ pa ètò tí ń fi iná infrared yọ eruku: lórí fíìmù dúdú-òun-funfun, fàdákà inú àwòrán ń dí iná náà, ẹ̀rọ a sì máa kà á sí ìdọ̀tí.

Ní ti dpi, ẹ má lé nọ́ńbà 6400 tó wà lára páálí. Ní 1200 dpi, négátíìfù 13 sí 18 kan ń fún wa ní píksẹ́lì bíi mílíọ̀nù 52, fáìlì aláwọ̀ eérú oníbíìtì 16 rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 104 MB. Ní 2400, ó di bíi 418 MB. Bí négátíìfù bá jẹ́ 100, ìyàtọ̀ náà jẹ́ ti 10 GB sí 42 GB. Mo fara mọ́ 1200, mo sì ṣe ẹ̀dà kejì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: mo fi bébà funfun bò ó lẹ́yìn, mo ka á bí ìwé lásán. Nínú ẹ̀dà yìí ni yíǹkì etí àti àmì pẹ́ńsù tí ayàwòrán fi tún ojú ènìyàn ṣe ti hàn jù.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ooru àti ọ̀rinrin kò ní dúró dè wá. Fíìmù tó bá ti ń rùn bí ọtí kíkan ti ń bàjẹ́ lọ. Àmọ́ ẹ̀dà tí kò ní etí kò pé, bí ojú inú rẹ̀ tilẹ̀ mọ́ kedere. Nínú ìwé àkójọ, àbá mi ni pé ká kọ ọ̀rọ̀ etí fíìmù gẹ́lẹ́ bí ayàwòrán ṣe kọ ọ́. Kí Adjibadé dúró ní òpó tirẹ̀, kí Àjíbádé wà ní òpó kejì. Bí a bá tún un kọ láìfi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, àwa náà ti gé etí fíìmù nìyẹn.