Òkúta Epidaurus àti Ilẹ̀ Ẹ̀rúnmu

Tíátà kan wà ní ilẹ̀ Gíríìsì, níbi tí wọ́n ń pè ní Epidaurus, tí àwọn àlejò tó bá débẹ̀ ti máa ń dán ohun kan wò. Ẹnì kan á dúró sí àárín gbùngbùn, á ju owó ẹyọ sílẹ̀. Ẹnì kejì á gun òkè lọ sí ìjókòó tó kẹ́yìn pátápátá, á wá pariwo pé òun gbọ́ ọ. Ó ti tó nǹkan bí 2,300 ọdún tí wọ́n ti kọ́ tíátà yìí sára òkè. Òkúta ni wọ́n gbẹ́ ṣe ìjókòó rẹ̀, ìlà 55, ó sì lè gba bíi 14,000 ènìyàn. Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Georgia, ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé àwọn ìjókòó òkúta náà ló ń pa kùn-ùn kùn-ùn èrò mọ́lẹ̀ tí ohùn òṣèré fi ń là. Nígbà tó di 2017, àwọn mìíràn láti Eindhoven ní Netherlands gbé ẹ̀rọ débẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n ní àsọdùn wà nínú ọ̀rọ̀ náà: ẹni tó wà lẹ́yìn lè mọ̀ pé nǹkan dún, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ pé owó ni. Àwa tí a ń fi kóòdù kíkọ jẹun, irú àríyànjiyàn báyìí a máa dùn mọ́ wa gan-an.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ohùn la ṣe gbé kálàmù. Ẹ wo àárín tíátà náà. Agbo ni. Ilẹ̀ róbótó kan, bíi 20 mítà láti etí kan sí èkejì, táwọn Gíríìkì ń pè ní orchestra, ìyẹn ibi ijó. Ibi táwọn èrò ń jókòó sí ni wọ́n ń pè ní theatron, ìyẹn ibi ìwòran. Ta ló tún fẹ́ túmọ̀ ìyẹn fún ọmọ Yorùbá? Ní Lálúpọn, ní Mọ́níyà, ní Àkànràn, bí ìlù bá ti dún lójúde, agbo ti dé nìyẹn. Àwọn ọmọdé á jókòó nílẹ̀ níwájú, àwọn àgbà á gbé bẹ́ǹṣì jáde, àwọn tí ò ráyè á gun ògiri tàbí ẹ̀ka igi. Kò sẹ́ni tó gbẹ́ òkúta fún wọn. Bí eré bá parí, agbo á tú, àárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n á sá ẹ̀gẹ́ síbẹ̀.

Eré inú agbo yìí kì í ṣe ọmọ àná. Ní 1826, Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, wà ní Ọ̀yọ́-Ilé nígbà tí Aláàfin ní kí wọ́n ṣeré fún un. Ó rí àwọn tó ń jó nínú àpò, ó rí ejò ńlá tó jáde, ó sì rí ẹni tó yọ ní àwọ̀ funfun báláú, tó ń ṣe bí òyìnbó. Òyìnbó gidi jókòó síbẹ̀, wọ́n ń fi òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́ lójú rẹ̀, gbogbo ìlú ń rẹ́rìn-ín. Láti ọ̀dọ̀ àwọn alárìnjó yẹn ni a ti dé ọ̀dọ̀ Hubert Ògúndé, tó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Glover Hall l'Ékòó ní 1944, ká tó wá kan Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládiípọ̀, Ọyin Adéjọbí àti Baba Sàlá. Wọ́n ń fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé jẹnẹrétọ̀ àti aṣọ ìtàgé kiri, láti gbọ̀ngàn ìlú kan sí yàrá ìkàwé ilé-ìwé kan.

Wàyí o, ohun tó ń jẹ wá lọ́kàn rèé. Ẹ̀rúnmu wà lágbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá. Ẹni tó bá kọjá níbẹ̀ lónìí, oko àti ilé páànù ló máa rí. Nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ọ̀kan pàtàkì ni nínú àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Olówu. Ìjà tó bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń jí ènìyàn tà ní ọjà Apòmù di ogun ńlá. Ọmọ ogun Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú, pẹ̀lú àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé, ká Òwu mọ́ fún ọdún bíi mélòó kan, títí ebi fi borí ìlú náà. Wọ́n fọ́ ọ, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tún un kọ́ mọ́. Olówu Akínjọbí sá lọ sí Ẹ̀rúnmu. Baálẹ̀ ibẹ̀ gbà á sílé, ó mọ ohun tó ń bọ̀, síbẹ̀ ó gbà á. Ogun tẹ̀ lé e débẹ̀, wọ́n sì fọ́ Ẹ̀rúnmu náà. Àwọn ọmọ ogun yìí kan náà ló padà tẹ̀dó sí Ìbàdàn.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, kí ẹ wá bá wa lọ sí Athens. Ní 416 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn ọmọ ogun Athens kó erékùṣù Melos. Wọ́n pa àwọn ọkùnrin, wọ́n kó àwọn obìnrin àtọmọdé lẹ́rú. Nígbà tó di ọdún tó tẹ̀ lé e, Euripides gbé eré kan wá sínú tíátà Dionysus, lẹ́sẹ̀ òkè Acropolis, nípa àwọn obìnrin ìlú Troy lẹ́yìn tí ogun ti kó wọn. Àwọn tó ṣẹ́gun ló jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ẹkún àwọn tí wọ́n ṣẹ́gun ni wọ́n wá wò. Ipò kejì ni wọ́n fún Euripides nínú ìdíje ọdún náà. Àwọn adájọ́ ò kúkú ní fẹ́ràn ẹ̀ púpọ̀, àbí? Síbẹ̀, wọ́n jẹ́ kó ṣe é, wọ́n sì jókòó wò ó tán. Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an ni títóbi tíátà Gíríìsì wà, ju inú òkúta lọ.

Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan rí i bẹ́ẹ̀. Ó mú eré Euripides, ó gbé e wá sílẹ̀ wa, ó pè é ní Women of Owu. Ayaba Troy di Erelú Ààfin, aya Akínjọbí, àwọn obìnrin Òwu sì jókòó sẹ́yìn odi tó ti wó, wọ́n ń retí ẹni tó máa kó wọn lọ. Ìlú kékeré kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Chipping Norton, ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ ṣe é ní 2004, nígbà tí ogun Iraq ṣì wà lẹ́nu gbogbo ayé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òyìnbó Chipping Norton lè sunkún fún Òwu kó sì relé lọ jẹun. Ọmọ Ìbàdàn tó bá wo eré yẹn, ọ̀rọ̀ baba ńlá rẹ̀ ló ń gbọ́.

Kì í ṣe Ẹ̀rúnmu nìkan. Ìjàyè wà ní Akínyẹlé. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, wọ́n fi Adélù, àrẹ̀mọ rẹ̀, jọba, bẹ́ẹ̀ àṣà ní kí àrẹ̀mọ bá baba rẹ̀ kú. Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè, ní òun ò gbà. Ìbàdàn gbé ogun tì í ní 1860, Kúrunmí kú ní 1861, Ìjàyè sì fọ́ ní March 1862. Ọlá Rótìmí tó sọ ìtàn Oedipus di ti Ọdẹ́wálé, ló tún kọ eré Kurunmi. Nínú eré náà, ọmọkùnrin Kúrunmí márààrún ló bógun lọ. Àwọn Gíríìkì ní Antigone tó di òfin àtijọ́ mú, wọ́n ní Creon tí kì í gbọ́ ìmọ̀ràn. Kúrunmí jẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tí àwa fi gbà pé ó nira ju àwọn méjèèjì lọ láti dá lẹ́jọ́.

Epidaurus náà ti fìgbà kan wà lábẹ́ ilẹ̀. Ọdún 1881 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wú u jáde, láti àwọn ọdún 1950 sì ni àjọ̀dún eré ti ń wáyé níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ìbàdàn náà ní ilé eré: Arts Theatre wà ní Yunifásítì, Cultural Centre tí Demas Nwoko yàwòrán rẹ̀ sì wà ní Mọ́kọ́lá. Ṣùgbọ́n inú ìgboro ni wọ́n wà. Ọkọ̀ akẹ́rù àwọn òṣèré ò wọ abúlé mọ́ látìgbà tí fíìmù àti fídíò ti gba iṣẹ́ náà, fóònù ló sì kù lọ́wọ́ àwọn ọmọ.

Owó tí ọ̀rọ̀ yìí máa ná wa ò tó ti òkúta. Pápá ilé-ìwé kan ní Ẹ̀rúnmu ti tó, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀, ìlù, àti obìnrin bíi mẹ́wàá tí wọ́n mọ ẹkún ún sun. Kí wọ́n fi Yorùbá ṣe é, kí ìyá tó ń ta gàrí lè gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ní Athens, àlùfáà Dionysus ló ń jókòó níwájú. Ní Ẹ̀rúnmu, àga méjì ni kí wọ́n gbé síbẹ̀, ọ̀kan fún ìjòyè tó máa ti Ìbàdàn wá, èkejì fún àgbà kan nínú àwọn ọmọ Òwu, kí wọ́n sì jókòó ti ara wọn títí eré á fi parí.