Fífẹ̀ àgbáálá ayé
Fífẹ̀ àgbáálá ayé kò túmọ̀ sí pé gbogbo nǹkan ń wú. Ohun tí onímọ̀ ìràwọ̀ Edwin Hubble fi hàn ní 1929 ni pé bí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan bá ṣe jìnnà sí wa tó ló ṣe ń yára sá lọ tó: àlàfo àárín wọn ló ń gbòòrò. Níbi tí agbára òòfà bá ti di nǹkan mú, bí oòrùn àti ayé, fífẹ̀ kò ríbi wọlé. Ẹnì kan lè ní ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ Andromeda tako èyí, torí ó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tiwa ní nǹkan bíi kìlómítà 110 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Rárá o. Ìrìn ọdún mílíọ̀nù 2.5 fún ìmọ́lẹ̀ péré ló wà láàárín wa (péré, lójú onímọ̀ ìràwọ̀!), òòfà sì ṣì borí fífẹ̀ níbẹ̀.