Ìpalẹ̀mọ́ Ẹni Tí Ń Bá Ẹnìkejì Rẹ̀ Lọ sí Ìdálẹ̀

Bí olùkọ́ kan bá rí iṣẹ́ sí òkè òkun, gbogbo ènìyàn ni yóò bèèrè ohun tí ó ń lọ kọ́ àwọn ọmọ lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ta ni ń bèèrè nípa ọkọ tàbí aya tí yóò bá a lọ? Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 2023, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ọ̀nà fún àwọn olùkọ́ kan láti Nàìjíríà láti gba ìwé-àṣẹ olùkọ́ ti ibẹ̀ láìtún kọ́ iṣẹ́ náà láti ìpìlẹ̀. Àfẹ́sọ́nà mi, tí ó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò, gba ọ̀nà náà, ó sì ti rí iṣẹ́. Lẹ́yìn ìgbéyàwó wa àti ìdánwò àṣekágbá mi, èmi ni n óò tẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkùnrin ń tẹ̀ lé obìnrin lọ sẹ́nu iṣẹ́. N kò bá wọn jiyàn. Inú ìtàn ni mo lọ wò, bóyá n óò rí ẹni tí ó ti rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rí. Ìlú Ìbàdàn níhìn-ín ni mo ti rí i.

Wọ́n bí Anna Martin ní ọdún 1827 ní agbègbè Norfolk, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ó tó lọ́kọ rárá ni ó ti ń kó àwọn ọmọ tálákà jọ ní Lowestoft, tí ó ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1852 ó fẹ́ David Hinderer, ará Jámánì tí ẹgbẹ́ C.M.S. rán sí ilẹ̀ Yorùbá, tí ó sì ti gbé Ìbàdàn fún oṣù díẹ̀ ní 1851. Oṣù kejìlá ọdún kan náà ni ọkọ̀ wọn ṣí. Láàárín oṣù méjì péré ni ó di aya, tí ó sì di èrò òkun!

Nǹkan kan wà nínú ọdún 1852 yìí tí ó yẹ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè má gbàgbé. Ọdún náà ni wọ́n tẹ ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá ti Àjàyí Crowther ní Lọ́ńdọ̀nù; àkójọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ti jáde ní 1843. Ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821 ni ó la ọ̀nà èdè sílẹ̀ fún àlejò tí ń palẹ̀mọ́ àtiwá sọ́dọ̀ wa.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1853 wọ́n gúnlẹ̀ sí Èkó. Kò pẹ́ tí ibà fi kí Anna káàbọ̀. Lọ́dún náà ni wọ́n dé Ìbàdàn, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Bí ọkọ rẹ̀ ti ń wàásù kiri, òun ń gba àwọn ọmọ sínú ilé, ó ń kọ́ wọn ní ìwé àti orin, àwọn ọmọ náà sì ń pè é ní Ìyá. Kì í ṣe pé gbogbo èrò rẹ̀ tọ́ lójú mi. Òun àti ọkọ rẹ̀ ka ẹ̀sìn àwọn baba wa sí òkùnkùn. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé ńṣe ni ó kàn jókòó de ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà láti Ìbàdàn sí Èkó dí. Owó kò wọlé, ẹrù kò wọlé. Àwọn Hinderer bẹ̀rẹ̀ sí ta ẹrù tí wọ́n kó wá kí wọ́n tó lè jẹun, àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́ sì wà lọ́rùn wọn. Ó di ọdún 1865 kí Glover tó rán Ọ̀gágun Maxwell láti Èkó pé kí ó gba inú igbó lọ mú wọn jáde. Anna bá a lọ. Ọkọ rẹ̀ dúró di ìgbà díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn gbogbo èyí, Anna tún padà wá sí Ìbàdàn! Ọdún 1869 ni ó lọ pátápátá. Ó kú ní 1870. Ní 1872 wọ́n tẹ ìwé kan jáde láti inú àwọn lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kí ni a rí kọ́? Ẹrù inú àpótí a máa tán. Aṣọ tí a bá kó lọ, ọjọ́ ń bọ̀ tí a lè tà á jẹ. Àwọn baba wa kò ṣì í sọ nígbà tí wọ́n ní ènìyàn ni aṣọ, èdè sì ni a fi ń bá ènìyàn rẹ́. Ohun kejì ni pé Anna ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ kí ó tó ní ọkọ. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ní Lowestoft náà ni ó gbé wá sí Kúdẹtì.

Ohun tí ń bà mí lẹ́rù kì í ṣe òtútù tàbí owó ilé. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má di ẹni tí kò ní iṣẹ́ méjì ju pé kí ó máa wo aago títí aya rẹ̀ yóò fi ti ilé-ẹ̀kọ́ dé. Nítorí náà, ìwé Yorùbá ni ó pọ̀ jù nínú ẹrù mi. Àwọn ọmọ wa pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbọ́ "wá jẹun" ṣùgbọ́n tí wọn kò lè fi Yorùbá dáhùn. Bí àlejò bá lè kó ọmọ wa jọ ní Kúdẹtì láti kọ́ wọn ní tirẹ̀, ojú yóò tì mí bí n kò bá lè kó ọmọ wa jọ lọ́hùn-ún láti kọ́ wọn ní tiwa.