Kábà Àtijọ́ Ilẹ̀ Faransé àti Aṣọ tí Wọ́n fi ń Rán An

Ní kíláàsì alẹ́ wa, obìnrin aránṣọ kan mú àwòrán kan wá. Àwòrán obìnrin Faransé ayé àtijọ́ ni. Kábà ọrùn rẹ̀ fẹ̀ ní ìbàdí débi pé kò lè gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé àfi bí ó bá fẹ̀gbẹ́ rìn. Ó bi mí pé: «Olùkọ́, ṣé ènìyàn lè jókòó sílé kí ó rán irú èyí?» Mo wádìí rẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo kọ síbí.

Láti nǹkan bí ọdún 1720 títí dé nǹkan bí 1780 ni wọ́n ń wọ irú kábà yìí. Ẹ̀rọ ìránṣọ kò tíì sí. Ọdún 1830 ni Barthélemy Thimonnier gba ìwé àṣẹ lórí tirẹ̀ ní Faransé. Ọwọ́ àti abẹ́rẹ́ ló ṣe gbogbo rẹ̀. Ní Paríìsì, àwọn ọkùnrin aránṣọ ló ni iṣẹ́ kábà tẹ́lẹ̀. Ọdún 1675 ni ọba Louis kẹrìnlá gbà kí àwọn obìnrin aránṣọ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rán an, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú wá síta. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni àkọ́kọ́. Aṣọ ọ̀gbọ̀ funfun ni, àwọn obìnrin sì ń rán an fúnra wọn nílé. Gígùn gbọọrọ àti onígun mẹ́ta ni wọ́n ń gé e sí, kí èérún aṣọ má baà ṣòfò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kọ́sẹ́ẹ̀tì líle, tí wọ́n ki ohun pẹlẹbẹ láti ẹnu ẹja àbùùbùtán bọ̀, tí ó ń mú ẹ̀yìn nà ṣánṣán. Lẹ́yìn náà ni ohun tí ń mú ìbàdí fẹ̀, tí Faransé ń pè ní panier, ìyẹn ni agbọ̀n. Yẹ̀rì ló wá bò ó. Ẹni tí ó bá wọn ara kí ó tó wọ kọ́sẹ́ẹ̀tì, kábà rẹ̀ kò ní bá ara mu.

Ó wá ku kábà gan-an. Aṣọ sẹ́dà tí wọ́n ń hun ní ìlú Lyon kò fẹ̀, ó fi díẹ̀ ju ìdajì mítà lọ. Wọ́n ń so ó pọ̀ bí a ti ń so ọ̀já aṣọ òfì pọ̀. Aṣọ náà wọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n owó ọwọ́ aránṣọ kò tó nǹkan. Nítorí náà, wọn kì í fẹ́ fi àlùmọ́gàjí kan án. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé aṣọ inú lé ara ẹni tí ó ni ín, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ olórí dè é, wọ́n á sì gé e bá ara rẹ̀ mu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tẹ́ sẹ́dà lé e. Ní ẹ̀yìn, odindi aṣọ ni wọ́n ń ká po láti ọrùn, tí wọ́n á jẹ́ kí ó tú sílẹ̀ títí dé ilẹ̀. Abẹ́rẹ́ wọn sì ń fò, kí ó lè rọrùn láti tú. Bí àṣà bá yí padà, wọ́n á tú kábà náà, wọ́n á sì tún un rán. Títí di òní, ojú abẹ́rẹ́ àtijọ́ ṣì hàn lára púpọ̀ nínú èyí tí ó wà ní ilé ìṣúra.

Sẹ́dà nìkan kọ́ ni wọ́n ń fẹ́. Aṣọ òwú aláwọ̀ mèremère láti ilẹ̀ Íńdíà gbà wọ́n lọ́kàn púpọ̀. Láti 1686 di 1759, ìjọba Faransé fòfin dè é, nítorí àwọn ahunṣọ wọn ń ké. Àwọn obìnrin ń wọ̀ ọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò dí ọkọ̀ ojú omi tí ń bọ̀ ní Áfíríkà lọ́wọ́. Àwọn oníṣòwò Nantes ń kó aṣọ òwú náà wá sí etíkun wa. Ní Ouidah, òun wà lára ohun tí wọ́n fi ń ra ènìyàn. Ẹ dúró níbí díẹ̀, ẹ rò ó wò: aṣọ tí òfin kò gbà kí wọ́n wọ̀ nílé wọn, òun ni wọ́n fi ń ra àwọn bàbá wa.

Ní 1789, ogun Dànhòmẹ̀ wọ ilẹ̀ Kétu, wọ́n kó ènìyàn lẹ́rú. Púpọ̀ nínú àwọn tí ọkọ̀ Faransé kó láti etíkun yìí ní ayé ìgbà náà ni wọ́n gbé lọ sí Saint-Domingue, tí í ṣe Haiti lónìí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gbin ìrèké, kọfí, òwú, àti ewé tí wọ́n ń fi ṣe aró. Òwú àti aró náà ń padà lọ sí Faransé, wọ́n sì di aṣọ.

Mo ka èyí fún kíláàsì wa. A dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni obìnrin aránṣọ wa ní òun ṣì máa rán an, kí òun lè mọ bí ọwọ́ wọn ti ṣiṣẹ́ tó. Ó ti rán àwọ̀tẹ́lẹ̀ tán. Ó gbà á ní ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ.