Omi Erinlẹ̀, Sòbìà àti Àtọ̀sí Ajá

Odò Erinlẹ̀ ni àwọn ará Ìlobù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ń bọ, òun náà ni wọ́n sì ń pọn mu kí omi ẹ̀rọ tó dé. Ìfọ́n-Ọ̀ṣun fara kan Ìlobù, agbègbè odò kan náà ni ìlú méjèèjì wà. Nítòsí Ẹdẹ ni odò yìí ti ń pàdé odò Ọ̀ṣun.

Inú odò àti adágún ni méjì nínú àwọn àrùn tí àgbà ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ dáadáa ti ń wá: sòbìà àti àtọ̀sí ajá. Ìgbóná (ṣọ̀pọ̀nná), ní tirẹ̀, máa ń ràn láti ara ẹnìkan sí ẹnìkejì tààrà, kò sì sí ẹranko tó ń gbé e pamọ́. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ àjẹsára fi rí i lé lọ: ọdún 1970 ni wọ́n rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà, àgbáyé sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1980. Sòbìà àti àtọ̀sí ajá kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dá mìíràn ló ń gbé wọn kiri.

Sòbìà

Aràn sòbìà lè gùn tó mítà kan. Ẹsẹ̀ ló sábà máa ń gbà yọ, ojú ibẹ̀ á sì máa ta bí iná. Bí aláìsàn bá ti ẹsẹ̀ bọ omi kí ó lè tù ú, aràn á tú ọmọ rẹ̀ sínú omi náà. Kòkòrò omi wínníwínní á gbé ọmọ aràn mì, ẹni tó bá mu omi náà á gbé kòkòrò mì. Ní nǹkan bí ọdún kan, aràn mìíràn á yọ. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń wé e jáde díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí bí ó bá já sínú, ẹsẹ̀ á wú, egbò á sì kẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá ṣe é lásìkò iṣẹ́ oko kò ní lè gbé ọkọ́.

Aleksei Fedchenko, ará Rọ́ṣíà, ló rí ipa kòkòrò omi náà ní 1870. Nígbà tí wọ́n wá a láti ilé dé ilé ní Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980, ó lé ní 650,000 ènìyàn tó ní in. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Ìlobù àti Ìfọ́n wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó dá Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, wà lára ibi tí ó ti gbilẹ̀. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, oògùn Abate tí wọ́n ń dà sí adágún, kànga ẹ̀rọ àti ìkìlọ̀ pé kí ẹlẹ́sòbìà má wọ odò ló ṣẹ́gun rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Enugu ni wọ́n ti rí i kẹ́yìn, ní oṣù kọkànlá 2008. Ní 2013, àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí i pé Nàìjíríà ti bọ́. Ṣùgbọ́n láti 2012 ni wọ́n ti ń rí i lára ajá ní orílẹ̀-èdè Chad, èyí sì ń fa iṣẹ́ pípa á run ní àgbáyé sẹ́yìn.

Àtọ̀sí ajá

Theodor Bilharz rí aràn tó ń fa àtọ̀sí ajá ní Cairo ní 1851. Robert Leiper sì fi hàn ní Íjíbítì ní 1915 pé inú ìgbín omi ló ń gbà kọjá. Ọmọ tó ní àrùn yìí, tó tọ ẹ̀jẹ̀ sínú odò, ti tọ ẹyin aràn síbẹ̀. Ohun tó pa nínú ẹyin á wọ inú ìgbín, yóò pọ̀ sí i níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò sì jáde pàápàá nígbà tí oòrùn bá mú, àsìkò tí àwọn ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́ gan-an. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi ń wọ awọ ara.

Bí wọ́n ṣe dí Erinlẹ̀ láti fa omi ẹ̀rọ fún ìlú, omi tó dúró sójú kan, tí koríko hù sí, di ibùgbé ìgbín. Ní 2006, Oladejo àti Ofoezie kọ̀wé pé àrùn náà ṣì ń ràn ní agbègbè ìsédò Erinlẹ̀, àti pé ẹ̀rí ni pé wọn kò ka ìpalára tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí.

Oògùn praziquantel ń pa aràn inú ara, kò kan ìgbín. Ọmọ tó lò ó lónìí lè tún kó àrùn bí ó bá padà sódò. Aṣọ ìsẹ́mi tó lé sòbìà lọ kò sì wúlò níhìn-ín, nítorí awọ ara ni èyí ń gbà wọlé, kì í ṣe ẹnu. Àfi kí ilé ìgbẹ́ wà, kí omi ẹ̀rọ sì tó mu, tó wẹ̀, tó fọṣọ.