Ìdílé Kan, Ilẹ̀ Méjì: Ìtàn fún Àwọn Ọmọ Olówógbowó

Àwọn baba wa a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Òtítọ́ ni. Ìdílé alágbẹ̀dẹ a máa fi Ògún sí orúkọ ọmọ wọn, ìdílé ọlọ́lá a máa fi Ọlá, ìdílé ọba a sì máa fi Adé. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ti sọ ọmọ tí ogun kó kúrò nílé ní orúkọ, nígbà tí ẹni tí ń sọ ọ́ ní orúkọ kò tilẹ̀ mọ ilé tí ó ti wá? Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, àwa tí a ń kọ́ni àti ẹ̀yin tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́. Bí ènìyàn bá béèrè orúkọ àwọn ìdílé àtijọ́ ní Olówógbowó àti ní àyíká rẹ̀ ní Èkó, yóò gbọ́ Crowther, Macaulay, Davies, Johnson, Cole àti Williams. Àlejò lè rò pé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó tẹ àdúgbò náà dó. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ọmọ Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà àti Ìjẹ̀bú ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, ọmọ àwọn tí a tà sí oko ẹrú, tí Ọlọ́run sì gbà padà lójú òkun.

Àwọn Júù fi bí a ti ń pa irú ìtàn bẹ́ẹ̀ mọ́ hàn wá. Àwọn ará Róòmù wó Tẹ́ḿpìlì wọn ní ọdún 70 ti Olúwa wa, a sì fọ́n wọn ká orí ilẹ̀ ayé. Síbẹ̀, ní alẹ́ Àjọ Ìrékọjá, ọmọ tí ó kéré jù lọ nínú ilé ni a fi ìbéèrè lé lọ́wọ́, àwọn àgbà a sì dá a lóhùn nípa sísọ ìtàn Íjíbítì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọn kò fi ìtàn náà sílẹ̀ fún àwọn akọ̀wé nìkan. Ìdí oúnjẹ ni wọ́n ti ń sọ ọ́, kí ọmọdé má baà dàgbà láì mọ̀ pé ẹrú tí a dá sílẹ̀ ni baba òun. Àwa náà ní Íjíbítì tiwa, a sì ní òkun tí a là kọjá. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a mú ìdílé kan nínú àwọn Sàró, kí a sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ilẹ̀ yìí dé Sàró, àti láti Sàró padà wá sí Èkó.

Ní ọdún 1821, ogun kọlu Òṣóògùn, ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Àwọn jagunjagun kó ọmọkùnrin kan níbẹ̀ tí ó tó ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. A fi okùn so òun, ìyá rẹ̀ Afala, àti àwọn àbúrò rẹ̀ pọ̀, a sì kó wọn lọ sí Ìsẹ́yìn. Níbẹ̀ ni a ti pín wọn bí ẹrù. A fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ olówó lọ́rùn, a dá ọmọ padà, a sì tún tà á fún ẹlòmíràn. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni ó ń lọ títí ó fi dé Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 ni àwọn Pọtogí kó o sínú ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Esperança Felix, orúkọ tí ó túmọ̀ sí ìrètí aláyọ̀. Ẹ wo bí ènìyàn ti lè fi orúkọ dáradára bo ìwà búburú! Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 7 oṣù náà, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon mú ọkọ̀ ẹrú náà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà, Àjàyí fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ní Freetown.

Ilẹ̀ kejì nìyí. Láti ara orúkọ rẹ̀, Sierra Leone, ni a ti yọ ọ̀rọ̀ náà Sàró. Àwọn ènìyàn wa tí a kó dé ibẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń pè wọ́n ní Akú, nítorí ìkíni wa tí a fi ń wí pé ẹ kú òwúrọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825 ni a rì Àjàyí bọmi, a sì fún un ní orúkọ àlùfáà kan ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, Samuel Crowther. Ní ọdún 1827 ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay. Ó fẹ́ Asano, ọmọbìnrin tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú bí òun fúnra rẹ̀, tí a pè ní Susan nígbà ìrìbọmi. Nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bí ni Samuel kékeré, Josiah, Dandeson, àti Abigail tí a ó tún dárúkọ níwájú.

Ní Sàró yìí kan náà, ní ìletò Kissy, tọkọtaya mìíràn wà tí a ti gbà là. Òjó Oriare ni ọkọ, ará ìhà Ìkìrun. Kilangbe ni ìyàwó. Ní ọdún 1826 wọ́n bí ọmọkùnrin kan. Nítorí pé orúkọ Macaulay ti lókìkí ní Freetown láti ìgbà tí Zachary Macaulay ti ṣe gómìnà níbẹ̀, a sọ ọmọ Òjó ní Thomas Babington Macaulay, orúkọ ọmọ gómìnà náà gan-an.

Ẹ dúró díẹ̀ kí a wo àwọn baba méjèèjì yìí, Àjàyí àti Òjó. Orúkọ àmútọ̀runwá ni ti àwọn méjèèjì. Ọmọ tí ó bá dojú bolẹ̀ wá sí ayé ni Àjàyí. Ọkùnrin tí ó bá fi ìwọ́ kọ́ ọrùn wá ni Òjó. A kì í wo ilé kí a tó sọ irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní orúkọ, nítorí àwọn fúnra wọn ni ó mú un wá. Ogun lè kó ọmọ, ọlọ́jà lè fi ọmọ gba ẹṣin, ṣùgbọ́n orúkọ tí ọmọ mú ti ọ̀run wá kò sí ní ọwọ́ wọn láti tà. Àjàyí kò sì sọ ọ́ nù. Pẹ̀lú oyè àti orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, Àjàyí ni a ń pè é títí di òní.

Síbẹ̀, Àjàyí nìkan kò tó fi mọ ilé. Àjàyí pọ̀ ní Ọ̀yọ́, ó pọ̀ ní Ẹ̀gbá, ó pọ̀ ní Ìjẹ̀bú. Ohun tí ó so ọmọ yìí mọ́ ìdílé rẹ̀ ni pé kò gbàgbé orúkọ ìlú rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀, kò sì jẹ́ kí èdè rẹ̀ kú sí i lẹ́nu. Ní ọdún 1843 a tẹ ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ní ọdún náà ni a fi joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ó sì padà dé Freetown, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844, ó fi Yorùbá ṣe ìsìn níwájú àwọn tí a ti kó kúrò nílé. Ẹ rò ó wò, bí yóò ti rí lára àgbàlagbà tí ó ti lo ogún ọdún ní àjò, láti gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ láti orí àga ìwàásù!

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1845 ni Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì Townsend àti Gollmer, ní ọdún kejì wọ́n sì dé Abẹ́òkúta. Ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni Afala wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá àti ọmọ kò tíì rí ojú ara wọn fún nǹkan bí ọdún 25. Obìnrin náà ti wà ní oko ẹrú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ìgbà náà. Wọ́n wo ara wọn, ọ̀rọ̀ kò sì lè jáde. Ní ọdún 1848 Afala wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ rì bọmi ní Abẹ́òkúta, a sì pè é ní Hannah, ìyá Sámúẹ́lì. Nínú gbogbo orúkọ àjèjì tí ó wọ ìdílé yìí, èyí nìkan ni a lè wí pé a wo ilé kí a tó sọ ọ́.

Ìgbà wo ni àwọn Sàró wá dé Olówógbowó? Ní oṣù kejìlá ọdún 1851 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá ja Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Ní ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1852, Akítóyè tọwọ́ bọ ìwé pé òwò ẹrú ti parí ní Èkó. Láti ìgbà náà ni àwọn Sàró ti ń ya wọlé lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwọn tí ó ti Bràsíìlì bọ̀ kọ́lé sí Pópó Àgùdà. Àwọn Sàró sì kọ́lé sí Olówógbowó, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn erékùṣù. Orúkọ àdúgbò náà ń sọ pé ẹni tí ó ni owó ti gba owó rẹ̀. Ẹ ò rí i bí orúkọ náà ti yẹ àwọn ènìyàn yìí: àwọn tí a ti gba owó lé lórí rí ni ó wá di onílé àti oníṣòwò níbẹ̀.

Àwọn ọmọ ìdílé méjèèjì tí a ń sọ̀rọ̀ wọn pàdé nínú ìgbéyàwó. Thomas Babington Macaulay, ọmọ Òjó, fẹ́ Abigail, ọmọ Àjàyí. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1859 ó dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọ C.M.S. sílẹ̀ ní Èkó pẹ̀lú ọmọkùnrin mẹ́fà péré, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. James Pinson Labulo Davies, Sàró oníṣòwò, fi £50 ra ìwé àti ohun èlò fún un. Ọdún 1864 ni ọdún ńlá ìdílé náà: ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà a fi Àjàyí joyè bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá, Abigail bí ọmọkùnrin kan ní Èkó, Herbert Samuel Heelas Macaulay.

Herbert yìí kọ́ iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, ó bá Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1920. Ní ọdún 1921 ilé ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ dájọ́ pé ti ẹbí àti ti ìlú ni ilẹ̀ náà, àti pé a gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ fún wọn. Ẹ ka ọdún wọ̀nyí dáadáa. Ní 1821 ogun kó Àjàyí, a sì tà á láti etí omi Èkó. Ní 1921, ọgọ́rùn-ún ọdún gééré, ọmọ ọmọ rẹ̀ ti bá onílẹ̀ Èkó gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní ìlú ọba. Olówó gba owó nítòótọ́.

A kò ní fi ẹnu dídùn nìkan sọ ìtàn yìí. Àwọn Sàró kan gbéra ga sí àwọn ará ilé, tí a fi ń pè wọ́n ní òyìnbó dúdú. Àwọn òyìnbó náà kò sì gbà wọ́n gẹ́gẹ́ bí ara wọn: ní ọdún 1890 àwọn míṣọ́nnárì tí ọjọ́ orí wọn kò tó ti ọmọ Crowther gba iṣẹ́ mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ní Ọya. Ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891 ni ó sùn, àwọn tí ó sì rọ́pò rẹ̀ lórí àga bíṣọ́ọ̀bù jẹ́ òyìnbó. Nínú irú ìrora bẹ́ẹ̀ ni àwọn Sàró kan ti padà wo ilé. David Brown Vincent, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi, bọ́ orúkọ náà sílẹ̀, ó sì ń jẹ́ Mojọlá Àgbébí. Ní Sàró pẹ̀lú, àwọn ìbátan wa tí kò padà kò gbàgbé pátápátá. Nínú èdè wọn, tí a ń pè ní Krio, a ṣì ń rí àwùjọ, kọ́mọjáde àti aṣọ ẹbí.

Ṣùgbọ́n ohun tí a kò kọ sílẹ̀ rọrùn láti parun. A sin Crowther sí itẹ́ òkú Ajélẹ̀ ní Èkó, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà Sàró. Lẹ́yìn ọdún 1970 ìjọba ológun pa itẹ́ náà rẹ́, wọ́n sì lo ilẹ̀ náà fún ilé ìjọba. A gbé egungun Crowther lọ sí Kàtídírà ní Marina, nítorí pé ayé mọ̀ ọ́n. Ta ni ó gbé ti àwọn yòókù? Òkúta tí a kọ orúkọ wọn sí ni ó jẹ́ ìwé ìtàn kan ṣoṣo fún ìdílé púpọ̀. Ní ọdún 1979 a tẹ àwòrán Herbert Macaulay sára owó náírà kan, gbogbo Nàìjíríà sì mọ ojú rẹ̀. Mélòó nínú wa ni ó mọ̀ pé Òjó, ará ìhà Ìkìrun, ni baba baba rẹ̀?

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbà ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ mú ìwé àti kálámù, kí ẹ sì tọ ìyá ìyá yín àti baba baba yín lọ. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ tí a kò kọ sínú ìwé ìrìbọmi, orúkọ ìlú, oríkì, àti orúkọ àwọn obìnrin pẹ̀lú, nítorí àwọn ni a máa ń tètè gbàgbé. Ẹ kọ ọdún sí i bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi èyí ṣe iṣẹ́ fún wọn, kí ẹ sì kà á sí iṣẹ́ gidi bí ìṣirò. Afala kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì mọ orúkọ rẹ̀. Nítorí náà ni a fi ní ìtàn yìí láti sọ. Àwọn tí ó ṣáájú wa ti san tiwọn. Gbèsè kù ní ọrùn wa.